Ọláníran Tó Pín Iṣẹ́ fún Oúnjẹ

Bí ẹ bá mọ Ọláníran ní Fẹ́sítákì lọ́dún 1978, ẹ ó mọ̀ pé akọ̀wé ìjọba ni. Òun ló ń kọ ìwé tí wọ́n fi ń pín ẹni tó máa wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ wo. Ó fẹ́ràn ìwé náà débi pé ó kọ irú rẹ̀ fún balùwẹ̀ ilé rẹ̀, ẹni mẹ́ta péré sì ni wọ́n nílé!

Bọ́ọ̀lù nìkan ló tún fẹ́ràn ju ìyẹn lọ. Òun ló ń wọ ẹ̀wù nọ́ńbà méje nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wọn, àmọ́ ó tètè máa ń rẹ̀ ẹ́. Tàjúdéènì, kóòṣì wọn, ará Abúlé Adó, kò fi bò fún un.

"Ọláníran, tó bá tún rẹ̀ ọ́ ní Sátidé ká tó lọ sinmi, Owólabí ló ni ẹ̀wù yẹn. Títí ayé!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀ lé Bernice ìyàwó rẹ̀ gbé Búnmi ọmọ wọn lọ wọ̀n nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Beatrice ń ṣàlàyé lọ́wọ́: ẹni tó ń sáré, tó ń lo agbára, nílò irú oúnjẹ mẹ́ta. Iṣu àti gààrí ń fúnni lágbára, ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin ń tún ara ṣe, ẹ̀fọ́ àti èso ń lé àìsàn.

Mẹ́ta! Ojú Ọláníran tàn. Kò dúró gbọ́ ìyókù, ó ti fa bírò yọ.

Kí Bernice tó délé, ìwé ti wà lára ògiri ìdáná. Mọ́ńdè, iṣu. Túsìdeè, ẹ̀wà. Wẹ́sìdeè, ẹ̀fọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yípo títí dé Sátidé, tó tún já sọ́wọ́ ẹ̀fọ́.

Nígbà tí Sátidé pé, Bernice bi í pé, "Bàbá Búnmi, ṣé ẹ̀fọ́ lásán lẹ máa jẹ lọ sórí pápá?"

"Iṣu ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lónìí."

"Ẹ̀wà ńkọ́?"

"Àná ló ṣe tiẹ̀. Jẹ́ kó sinmi."

Ó jẹ ẹ̀fọ́, ó fi ọsàn mẹ́fà lé e, ó lọ pàdé àwọn ọmọ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi dúró sójú kan, tó fọwọ́ lé orúnkún.

"Ẹ gbé àga fún bàbá yẹn o!" ni àwọn tó ń wòran ń pariwo.

Nígbà ìsinmi, ó ṣubú sórí koríko. Owólabí, tó ń dúró de ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́bàá pápá, ti ń bọ́ṣọ. Ni Bernice bá gbé abọ́ ńlá dé: ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹja díndín, ẹ̀fọ́, gbogbo ẹ̀ pọ̀.

"Nọ́ọ̀sì ní inú abọ́ kan náà ni kí wọ́n ti pàdé! Ẹ ò dúró gbọ́."

Ọláníran jẹ ẹ́ tán. Ó jẹ ti Búnmi mọ́ ọn. Nígbà tí fèrè dún, kò lè dìde.

"Ó ti tán," ni Tàjúdéènì wí, ó bọ́ ẹ̀wù nọ́ńbà méje lára rẹ̀, ó jù ú sí Owólabí. Àmọ́ Ọlábánjí tó ń ṣọ́ ojú ilé góòlù ti fi ìka ṣèṣe, kò sì sí ẹlòmíràn. Wọ́n wọ́ Ọláníran lọ sójú ilé, wọ́n fi ẹ̀wù Ọlábánjí há a lára.

Nígbà tí eré fẹ́ parí, àwọn Amúwo gba bọ́ọ̀lù kan bí ìbọn. Ọláníran fẹ́ sá, ikùn kò gbà fún un. Bọ́ọ̀lù bá a nínú, gbì! Ó ta padà dé àárín pápá.

Tàjúdéènì sáré dì mọ́ ọn. "Nọ́ńbà kìíní di tìẹ! Àmọ́ máa jẹun ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú eré, jọ̀ọ́!"

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Èèyàn mẹ́rin ló fa ẹ̀wù náà títí, kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀.