Nọ́ọ̀sì Tí Ìlú Wa Kò Fẹ́ Kó Lọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ìlú wa tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni káńsù fi sí ilé ìgbẹ̀bí wa. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ lè má mọ ohun tí nọ́ọ̀sì kan jẹ́ fún ìlú láyé ìgbà náà. Kó tó dé, ojú ọ̀nà Ìkọ̀lé ni ìyá mi bí ọmọ tó tẹ̀lé mi sí, ọmọ náà kò sì yè. Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì yìí dé, òun ló gbẹ̀bí àbúrò mi, ẹni tó ti di bàbá àgbà báyìí.

Kì í ṣe ọmọ ìlú wa, àmọ́ kò pẹ́ tó fi ń pe ilé ní "ulé", tó ń pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́" bíi tiwa. Bí aboyún kan kò bá wá fún àyẹ̀wò, á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á wá a lọ sí oko. Àwa ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ débi pé a kì í sá fún abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó dára, a máa ń sá, àmọ́ a kì í jìnnà.

Àfi bí a ṣe gbọ́ lọ́jọ́ kan pé káńsù fẹ́ gbé e lọ sí ibòmíràn. Ìyá mi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìlú. Wọ́n pàdé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ní àwọn kò gbà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, àwọn mọ́kànlá wọ lọ́rì lọ sí káńsù ní Ìkọ̀lé. A ti gba ọlidé, ni mo bá bá wọn lọ. Aboyún kan wà láàárín wọn tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ti ń súnmọ́. Ó ní bí wọn kò bá dá wa lóhùn, káńsù lòun máa bí i sí.

Ẹ mọ̀ pé nínú èdè tiwa, àwọn ìyá wa kì í fi "ẹ" bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ọba. Ìyá mi wo akọ̀wé káńsù lójú, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí la ṣe fún ọ tí o fẹ́ gba nọ́ọ̀sì wa lọ́wọ́ wa?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fáìlì kan, ó wò ó, ó pa á dé.

"Ẹ̀yin ìyá mi, kì í ṣe àwa la ní kó lọ o. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pé ká jẹ́ kóun lọ. Ẹ lọ bi í."

Nínú lọ́rì tí a bá padà, aboyún yẹn ń sunkún. "Kí la fi dùn ún? Ta ló fẹ́ kó gbẹ̀bí mi?" Bí a ti sọ̀ kalẹ̀, ilé nọ́ọ̀sì ni ìyá mi gbà lọ tààrà, gbogbo wa sì tò tẹ̀lé e.

Nọ́ọ̀sì ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Bó ti rí wa ló mọ ohun tó gbé wa wá. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi. Ọdún kẹrin rèé tí ọmọ mi ti wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Ìlọrin. Ìgbà tí mo lọ wò ó kẹ́yìn, ó ní, 'Àǹtí, ẹ káàbọ̀.'"

Ìyá mi fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. "O gbẹ̀bí ọmọ gbogbo wa," ó ní, "kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó bi ọ́ pé tìrẹ dà."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún wọ lọ́rì, mo sì tún bá wọn lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí káńsù jẹ́ kó lọ, àmọ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ dé. Akọ̀wé ní òun kò rí ẹni tí òun lè rán wá. Ìyá mi ní kò burú. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ káńsù. Wọn kò bú ẹnikẹ́ni, wọn kò dínà mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó lọ sílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó padà wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, alága káńsù fúnra rẹ̀ jáde.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa lọ sílé. A ti rí ẹnì kan."

Aboyún yẹn ní, "Ṣé òótọ́ ni, àbí ká kúkú dúró dè é?" Alága àtàwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí nọ́ọ̀sì tuntun fi dé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àwọn méjèèjì ló jọ gbẹ̀bí aboyún náà. Obìnrin ló bí. Lẹ́yìn ìyẹn ni nọ́ọ̀sì wa lọ. Àwọn ìyá wa kó iṣu àti èlùbọ́ fún un títí tí dẹ́rẹ́bà fi ní kí wọ́n ṣàánú mọ́tò òun. Nígbà ọdún Kérésìmesì, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá kí wa. Bí ọmọ náà bá ti ké "Màámi", gbogbo àwọn ìyá wa ní í dáhùn.

Ayé ti yí padà. Lónìí, orí Wásáàpù ni ẹgbẹ́ àdúgbò wa ti ń ṣèpàdé, àwọn ọmọ wa ní Èkó àti lókè òkun ń dá sí i, kíá ni ìwé wọn sì ń dé káńsù. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ti àtijọ́ sàn jù; inú mi dùn sí tòní. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, mo bá díẹ̀ nínú wọn nílé akọ̀wé wọn, wọ́n ń kọ ìwé lórí fóònù láti fẹjọ́ tíṣà kan sùn, tó máa ń pẹ́ dé ilé ìwé. Mo ní, "Ta ló ti bi í pé kí ló dé?" Akọ̀wé wọn gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó gba ilé tíṣà lọ.