Iṣẹ́ Fúnminíyì, Orúkọ Bọ̀ọ̀dá Godwin

Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ yín rí ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkàrẹ́, tí abẹ́rẹ́ náà kò sì dùn yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Fúnminíyì ló fà á. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ojú rẹ̀ mú. Ọmọ Ìwárò ní Ọ̀kà ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Láràárọ̀ ló ń wọkọ̀ láti Ọ̀kà gba Àkùngbá kọjá lọ sí Ìkàrẹ́, ìrọ̀lẹ́ á sì tún gbé e padà. Ọdún kẹjọ rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ láàbù. Ṣùgbọ́n ẹ má bi í bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀ o, òṣé ni yóò fi dá yín lóhùn.

Láàbù ní òfin tirẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ló ń tẹ ọrùn sórí maikirosikóòpù, òun ló ń kọ ohun tó rí sórí ìwé. Ọ̀gá a wá yẹ ìwé náà wò, a sì fọwọ́ sí i. Ìwé tí ọ̀gá kò fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Orúkọ ọ̀gá nìkan ni aláìsàn máa ń rí, kò sì sẹ́ni tó ń bínú, nítorí gbogbo ará inú láàbù ló mọ ẹni tí ọrùn ń dùn. Bí wọ́n ṣe tọ́ Fúnminíyì nínú iṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá rẹ̀ ni Godwin Ọláòtán, ọmọ Ọ̀kà bíi tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ. Òun ló wá iṣẹ́ fún un, òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ sì kú sí Ọ̀wọ̀, mọ́tò ọkùnrin yìí ni wọ́n fi gbé òkú wálé. Bọ̀ọ̀dá Godwin ni Fúnminíyì ń pè é. Ká ní wọ́n ní kó yan ẹ̀gbọ́n lọ́run ni, òun ni ì bá yàn.

Ohun tó gbé e dé ìdí kọ̀ǹpútà ni pé obìnrin méjì tí wọ́n ń jẹ́ Memunat wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀kan lóyún, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún èkejì. Ni àwọn ará láàbù bá ṣi ìgò ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan gbé fún èkejì. Ọpẹ́lọpẹ́ nọ́ọ̀sì kan tí ojú rẹ̀ kò gba gbẹ̀rẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ara rẹ̀ mu ni wọn ì bá fà sí obìnrin kan lára. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Fúnminíyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, èdè tí kọ̀ǹpútà ń gbọ́.

Ó ra láptọ́ọ̀pù àlòkù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kúrò ní Àkùngbá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọlé dáadáa nílé wọn, nítorí náà orí àpáta ẹ̀yìnkùlé ló ń gùn lọ ní gbogbo ọjọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, òun pẹ̀lú ẹní àti agbòòrùn, àwọn ewúrẹ́ a máa wò ó. Ìyá rẹ̀ a dúró nísàlẹ̀, a ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọkọ ló wà nínú àpótí tí ò ń tẹjú mọ́ yẹn ni?”

Ọkọ kọ́, iṣẹ́ ni. Ọdún méjì gbáko ló fi kọ ètò kan tó ń fún ìgò ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí orúkọ aláìsàn méjì bá jọra, pupa a yọ lójú kọ̀ǹpútà, kò sì ní tẹ èsì jáde àfi bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n lò ó ní láàbù fún oṣù mẹ́fà, ìgò kan kò ṣì. Inú Fúnminíyì dùn débi pé ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́. Iṣẹ́ kíkọ sọfitiwia lòun máa fi jẹun, òun ti bá maikirosikóòpù parí.

Nígbà tó kan kó gbé iṣẹ́ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí aráyé lè rí i, ohun tí ọmọ láàbù máa ń ṣe ló ṣe. Ó gbé e lọ bá ọ̀gá.

“Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti ṣe tán. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i.”

Bọ̀ọ̀dá Godwin nu jígí ojú rẹ̀. “Jẹ́ kó jáde lórúkọ mi. Ọ̀gá láàbù ni mí, wọ́n á kà á sí. Tó bá yá, a máa fi tìrẹ sí i.”

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Fúnminíyì fi kó gbogbo iṣẹ́ náà sínú ákáǹtì ọkùnrin yìí. Ó tún kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ẹ gbọ́ o, ó kúnlẹ̀! Ká ní ìdí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti tọ́ ọ ni, ì bá mọ̀ pé níbẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ ló ni iṣẹ́.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, ilé iṣẹ́ sọfitiwia kan ní Àkúrẹ́ ń wá òṣìṣẹ́. Bọ̀ọ̀dá Godwin nìkan ni Fúnminíyì sọ fún, pé kó jẹ́ ẹlẹ́rìí òun. Ọkùnrin náà gbàdúrà fún un, ó di ojú rẹ̀ pinpin. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, orí fóònù ni wọ́n ti ṣe é. Obìnrin tó ń bi í ní ìbéèrè, Ìyáàfin Ìbíyínká, wo iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́, ó sì ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀.

“Ẹni tó kọ iṣẹ́ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán, ti bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ló dé tí ẹ fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa?”

“Èmi ni mo kọ ọ́, mà. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, ẹ pè wọ́n, wọ́n á ṣàlàyé fún yín.” Tayọ̀tayọ̀ ló fi ní kí wọ́n pè é.

Wọ́n pè é lójú ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. “Fúnminíyì kẹ̀? Ọmọ dáadáa ni o. Òun ló bá mi dán an wò. Ẹ má bínú sí i, ọmọdé ló ń ṣe é.”

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Obìnrin náà kí Fúnminíyì pé ó dàbọ̀, ó sì pa fóònù.

Nígbà tí Fúnminíyì dé láàbù lọ́jọ́ kejì, ó bi Bọ̀ọ̀dá Godwin léèrè. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ìwọ ṣì kéré, ìwọ á rí òmíràn. Èmi ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Àbí èmi kọ́ ni mo mú ẹ wọ ibí?” Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló dùn ún jù, nítorí òótọ́ ni. Wọ́n gba ọkùnrin náà síṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì dúpẹ́ fún un, ìyá Fúnminíyì sì bá wọn jó dé iwájú pẹpẹ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé fún un, ó ní, “Ṣe sùúrù. A kì í bá ẹni tó gbé bàbá rẹ wálé jà.” Fúnminíyì wá rí i pé òun nìkan ló kù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun àti ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ohùn jẹ́jẹ́ Bọ̀ọ̀dá Godwin ni.

“Fúnmi, àbúrò mi. Wọ́n ní kí n tún nǹkan kan ṣe nínú iṣẹ́ yẹn níwájú wọn lọ́jọ́ Ajé. Jọ̀ọ́, ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀?”

Fúnminíyì mọ ibẹ̀. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ìyá rẹ̀ ń juwọ́ sí i pé kó dá a lóhùn, pé àgbà kì í bẹ̀bẹ̀ lásán. Ó fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa.

“Ọ̀gbẹ́ni Ọláòtán,” ó ní, “ẹ bi ẹni tó kọ ọ́.”