Àwọn Ìyá Tó Ru Omi Wá Sílé Wa

Mo ṣì kéré ní Inisa, garawa omi kò tíì ṣeé gbé ka orí mi, nígbà tí obìnrin tó ni kànga ẹ̀gbẹ́ ilé wa sọ pé omi àwọn kò gbọdọ̀ wọ ilé wa mọ́. Wọ́n ní màmá mi ti ike tí wọ́n fi ń bu epo bọ kànga, pé epo léfòó lójú omi. Lóòótọ́ ni màmá mi ń ṣe epo pupa tà, ṣùgbọ́n wọ́n búra pé àwọn kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ni, odò jìnnà. Àwọn ọmọ àdúgbò wá ń pe màmá mi ní Ìyá Elépo Kànga.

Nígbà náà, àwọn ìyá àgbà mẹ́ta kan wà tí à ń pè ní Ìyá Alálàáfíà. Ọ̀kan jẹ́ Aládùúrà, ọ̀kan jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀kẹta ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Àwọn ni wọ́n ń bá èèyàn parí ìjà kó tó di ti ọlọ́pàá. Màmá mi lọ bá wọn. Wọ́n kàn bèèrè pé, "Ṣé omi ló ń dùn ọ́ ni, àbí orúkọ rẹ?"

Màmá mi ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, méjèèjì ni."

Mo rò pé wọn yóò pe ìyá oníkànga, kí wọ́n dá ẹjọ́. Wọn kò dá ẹjọ́ kankan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé garawa lọ síbi kànga, wọ́n kí oníkànga, wọ́n fa omi, wọ́n rù ú, wọ́n sì kọrí sílé wa. Ìyá Mùsùlùmí, tí ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, ń ṣẹ̀fẹ̀ lọ: "Ẹ yà lọ́nà o, ìyàwó tuntun ló ń pọnmi bọ̀."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọmọdé kì í dúró máa wo àgbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Ìyá oníkànga wò wọ́n títí, ojú tì wọ́n, wọ́n sáré lọ gba garawa lórí Ìyá Mùsùlùmí. Ìyá náà kò dúró, wọ́n ṣáà ń rìn níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ní omi àwọn kò gbọdọ̀ wọ ilé wa ṣe fi orí ara wọn rù ú wọlé wa.

Màmá mi bá wọn sọ̀ ọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú ilé."

Láti ọjọ́ náà la ti tún ń pọnmi níbẹ̀. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n kò yé mi. Ta ló wá jàre? Ta ló da epo sómi? Kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n bu ọlá fún àwọn ìyá wọ̀nyí ní gbọ̀ngàn ìlú. Èèyàn wá láti Òkukù àti Ìkìrun. Wọ́n ní kí gbogbo àwọn tí àwọn ìyá náà ti bá parí ìjà dìde. Ìyá oníkànga dìde kíá. Màmá mi jókòó síbẹ̀. Mo fà wọ́n láṣọ.

Wọ́n rọra ní, "Wọ́n gba omi fún mi. Orúkọ mi ńkọ́?"

Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ìyá náà ń jáde, màmá mi ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn.

Lóde òní, ìjà díẹ̀, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n á sọ ẹni tó jàre níbẹ̀, àwọn méjèèjì á padà sílé, wọn kò sì ní kí ara wọn mọ́. N kò mọ èyí tó sàn. Màmá mi ti kú, ìyá oníkànga ṣì wà. Bí mo bá lọ kí wọn, ìbéèrè yẹn, ta ló da epo sómi, máa ń wà lẹ́nu mi. Wọ́n á bi mí léèrè àwọn ọmọ mi, n ó dáhùn, n ó sì dìde láìbi wọ́n.