Ìlú Tí Mo Fún Bàbá Àgbà Kan

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Ọmọ àwa Yorùbá tó ń tajà ní Albert Market, ọjà ńlá Banjul, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tí wọ́n bí sí Gáḿbíà, tí èdè Wolof ti gba ẹnu wọn tán. Bí ẹ bá kí wọn ní Yorùbá, wọ́n á máa wò yín bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ wọ́n. Mo ti ṣe tíṣà nílé kí n tó di aláṣọ, n kò sì lè máa wò wọ́n níran. Ibi tí a ó jókòó sí ni kò sí, nítorí yàrá kan ṣoṣo ni èmi àti ọkọ mi ní ní Dippa Kunda. Ìyá àgbà kan tó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi ló ní kí n kó wọn wá sí àgbàlá òun nínú Banjul, lábẹ́ igi máńgòrò, bí àwọn ọmọ-ọmọ òun bá lè jókòó tì wọ́n.

Ará Aku ni Màmá. Àwọn baba ńlá wọn ni àwọn òyìnbó gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, kí àwọn kan nínú wọn tó ṣí wá sí Banjul. Èdè wọn kì í ṣe Yorùbá, ó sún mọ́ píjìn tiwa, ṣùgbọ́n Yorùbá fara pamọ́ sínú rẹ̀. "Kúṣẹ́ o" ni wọ́n fi ń kíni. Àkàrà ni wọ́n ń pe àkàrà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Màmá kí mi báyìí, inú mi dùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da Yorùbá bò ó. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Mi pikin, na di gritin nọmọ a sabi." Ìkíni yẹn nìkan ló gbọ́.

Ìtàn àwọn ẹni àná ni mo fi ń kọ́ wọn ní ìwà, ní Yorùbá, kí n tó fi píjìn tú u fún gbogbo ilé. Mo ní ìbínú, n kò ní fi bò. Ọmọ tó bá ń ṣeré lẹ́yìn mi á gbọ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé "má purọ́, má jalè" kì í pẹ́ létí ọmọdé. Mo sọ fún wọn nípa olórí àwọn Mùsùlùmí ayé àtijọ́ kan, tó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ru ìyẹ̀fun lọ fún opó tí ebi ń pa àwọn ọmọ rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ìránṣẹ́ rẹ̀ gbà á. Mo sọ nípa ẹrú dúdú tí wọ́n gbé òkúta lé láyà lórí iyanrìn gbígbóná, tí kò sì sẹ́ Ọlọ́run rẹ̀. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ọmọ kan tó ń rìnrìn àjò lọ kàwé. Ìyá rẹ̀ rán owó wúrà mọ́ inú aṣọ rẹ̀, ó sì gba ìlérí lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò ní purọ́ láéláé. Nígbà tí àwọn olè dá wọn lọ́nà, tí wọ́n bi í pé kí ló ní lọ́wọ́, gbogbo àwọn ọmọ á fò sókè: "Áńtì, ó sọ fún wọn?" Èmi náà á dáhùn pé, "Ó sọ fún wọn."

Màmá máa ń gbọ́ wa láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó pè mí, ó ní ṣé ìtàn àwọn ẹni ńlá nìkan ló ń kọ́ ọmọ níwà ni? Ó ní kí n sọ ti bàbá àgbà òun, bàbá tó bí bàbá òun. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n jí i gbé. Freetown ló dàgbà sí, Banjul ló ti wá ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Àwọn òyìnbó fi ipò àti ilé lọ̀ ọ́ pé kó fi ẹ̀sìn Mùsùlùmí sílẹ̀, kò gbà. Bí ó bá kan pósí òkú tálákà, kì í gba nǹkan kan. Ẹ̀wù kan tí wọ́n fi aṣọ híhun dá ló fi sílẹ̀ nínú àpótí, àti fìlà kan.

Mo bi í pé, "Ìlú rẹ̀ ńkọ́, Màmá?"

Ó mi orí. Bàbá náà kéré jù nígbà náà láti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń ṣe àwùjọ, ìyẹn sàráà tí wọ́n ń ṣe fún àwọn òkú wọn, lẹ́mọ́mù máa ń pe orúkọ òkú pẹ̀lú ìlú tó ti wá. Tó bá kan ilé tiwọn, orúkọ nìkan ni lẹ́mọ́mù á pè, á sì kọjá. Ó ní láti kékeré ni ojú ti máa ń ti òun níbẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sọ ìtàn náà. Ó dùn lẹ́nu mi, àwọn ọmọ dákẹ́ rọ́rọ́. Bí mo ṣe parí, ọmọ-ọmọ Màmá, ọmọbìnrin tí kò ju bí ọdún mẹ́sàn-án lọ, nawọ́ sókè. Ó ní, "Áńtì, ìlú wo ló ti wá?"

Ǹ bá sọ pé a kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Ṣùgbọ́n n kì í fẹ́ kí ọmọdé bi mí ní nǹkan kí n má rí i dáhùn, Màmá sì tẹjú mọ́ mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rántí ẹ̀wù híhun yẹn. Ìsẹ́yìn ni ìlú mi, òfì la ń hun níbẹ̀. Mo ní, "Ìsẹ́yìn ni." Bí ó ti jáde lẹ́nu mi báyìí, n kò lè dúró mọ́. Mo fún bàbá náà ní agbo ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ńlá. Mo fún un ní ìyá tó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ dè é ní ìrọ̀lẹ́ títí ìyá náà fi kú.

Tẹ̀sùbáà já bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Ó dìde, ó wá dì mọ́ mi lójú àwọn ọmọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní ẹbí òun. Kò sẹ́ni tó wọlé tí kò sọ fún. Nígbà àwùjọ, lẹ́mọ́mù pe Ìsẹ́yìn pẹ̀lú ohùn rara, Màmá sì gbé orí sókè láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ta ni mo pa lára. Bí ọdún mẹ́rin ni mo fi ń jẹ bẹ̀nàchín, ìrẹsì ẹlẹ́ja tó máa ń sè dè mí, lórí irọ́ yẹn.

Nígbà tó yá, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó gbọ́ pé mò ń lọ sílé fún Iléyá, ó sì ní kí wọ́n gbé fìlà bàbá náà fún mi. Kí n fi lé àwọn ará agbo ilé náà lọ́wọ́, kí n bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ bọ̀ láti ibẹ̀, kí wọ́n lè fi sí sàréè òun. Mo gbà á.

Ní Ìsẹ́yìn, mo lọ sí agbo ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí lóòótọ́, bóyá Ọlọ́run á bá mi sọ irọ́ náà di òótọ́. Olórí ilé fi pẹ̀lẹ́ bi mí pé kí ni oríkì ẹni tó ni fìlà, ọmọ ta ni? N kò mọ nǹkan kan. Ó dá fìlà padà sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tí a ò mọ̀, a ó ṣàdúrà fún un. Àmọ́ mi ò lè gba fìlà rẹ̀." Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi, mo bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá, mo dì í. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e padà sí Banjul, òun àti fìlà.

Ní Sátidé tí mo dé, wọ́n ti gbé àga Màmá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rù kan eegun. Ó ní kí n kọ́kọ́ dá àwọn ọmọ lóhùn, torí wọ́n ti ń retí mi. Ìtàn ọmọ tí wọ́n rán owó mọ́ láṣọ ni wọ́n bèèrè. Mo ń sọ ọ́ lọ, ọ̀rá iyẹ̀pẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn olè. Wọ́n fò sókè: "Áńtì, ó sọ fún wọn?"

Mo wo ọ̀rá náà. Wọ́n tún bèèrè.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá, mo fi fìlà náà lé e lọ́wọ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ lójú àwọn ọmọ náà. Mo ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ìlú wọn."

Ọmọ-ọmọ Màmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Áńtì, ìtàn olórí tó ru ìyẹ̀fun yẹn ńkọ́? Ṣé irọ́ nìyẹn náà?" Mo sunkún. Mo ní bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ èyí tí òun á gbà mọ́.

Màmá na ọwọ́ sí ọ̀rá náà. Ó bi mí pé iyẹ̀pẹ̀ ilé ta ni.

Mo ní, "Ti ilé bàbá mi ni."

Ó rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi. "Gbé e lọ sílé. Tìẹ ni."

Ó dárí jì mí. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò sì lé àwọn ọmọ kúrò ní àgbàlá. Ṣùgbọ́n kò pè mí ní ẹbí òun mọ́. Nígbà àwùjọ tó ṣe kẹ́yìn, lẹ́mọ́mù ti la ẹnu láti pe Ìsẹ́yìn kí Màmá tó gbé ọwọ́ sókè. Ó sọ ohun kan sí i létí, lẹ́mọ́mù sì pe orúkọ bàbá náà, ó ní, ẹni tó wá láti ìlú tí Ọlọ́run mọ̀. Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, Màmá kú. Iyẹ̀pẹ̀ Banjul nìkan ni wọ́n fi bò ó.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, òun ló ń bá mi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké báyìí. Lọ́jọ́ kan mo pẹ́ dé láti ọjà, mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò tó ń sọ ìtàn káfíńtà náà. Ọmọ kan bi í pé ìlú wo ló ti wá. Mo dúró lẹ́nu géètì, n kò lè wọlé. Kò ronú rárá.

Ó ní, "A kò mọ̀," ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ.