Ibi Tí Sàúdátù Ní Kí Stella Ti Dákẹ́
Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: ìlara ló mú Sàúdátù, kò lórúkọ mìíràn. Irun ló ń dì ní Mowe, ọmọ Ìwó ni, ohùn rẹ̀ kì í sì í ṣe ohùn kékeré. Nígbà tí Zubair àti Ọláwuyì, àwọn méjì tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin tẹ́kínò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ àwo orin wọn àkọ́kọ́, òun ni wọ́n ń pè. Wọ́n po fújì àti orin ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ìlù ẹ̀rọ. Orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni Sàúdátù kọ́kọ́ fi ohùn rẹ̀ kọ sínú ẹ̀rọ kí àwọn olórin àlejò lè gbọ́ bí yóò ṣe lọ. Mẹ́jọ bọ́ sọ́wọ́ àlejò, ó fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìkẹsàn-án, òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹ̀dá rẹ̀, ó sì ti sọ fún gbogbo oníbàárà pé tòun nìyẹn.

Wọ́n gbé e fún Stella, ọmọ kúáyà kan láti Redemption Camp.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ́ ọ,” ni Zubair wí.

Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Ẹni tó se ọbẹ̀, wọ́n ní kó wá bá àlejò bu ú!

Stella kúnlẹ̀ kí i, ó ń pè é ní Anti mi. Sàúdátù fà á dìde. “Tó o bá dé àárín ìlà kẹta,” ó ní, “dákẹ́. Ka ení, èjì, kó o tó máa lọ.” Irọ́ ni! Kò sí ìdákẹ́ kankan níbẹ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ tẹ́ lójú wọn, kí wọ́n lè padà wá bẹ òun.

Stella kọ ọ́, ó dákẹ́. Ọláwuyì fò sókè.

“Yéè! Ẹ má fọwọ́ kàn án!” Ó ju ìlù ẹ̀rọ gbì sínú àyè yẹn.

Kí àwo náà tó pé oṣù méjì tó jáde, láti Ibafo dé Ifọ̀, gbogbo kẹ̀kẹ́ akérò ló ń lu orin yẹn. Tó bá kan ibi ìdákẹ́ yẹn, èrò á gbẹ́sẹ̀ sókè, wọn á jọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní orí Stella pé. Sàúdátù ìbá pariwo pé òun lòun fi ìdákẹ́ náà síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í nídìí ńkọ́? Ta ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń di irun Ikram, ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́fà, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó ń kọ orin náà bó ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀, láìdúró. Ọmọ náà yíjú padà.

“Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ bíi ti Anti Stella.”

Sàúdátù tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó dé ìlà kẹta, ó dákẹ́, Ikram sì pàtẹ́wọ́ fún un.