Orin Tí Ìyàwó Bá Wọlé

Ọmọkùnrin àbúrò ìyá mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ti ń tẹ dùùrù ní Bódìjà, èmi ni wọ́n sì ní kí n yan orin. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní dùùrù. Ìwé àlòkù tí mo rà ní Dùgbẹ̀ ni mo fi kọ́ ara mi, mo sì mọ bó ṣe yẹ kí orin kọ̀ọ̀kan yá tó; aago ọwọ́ ni mo fi ń wọ̀n wọ́n.

Bàbá ìyàwó náà ń tẹ dùùrù. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tẹ̀ ẹ́ fún ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ìlú kékeré kan lápá Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orin tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo máa bá wọlé. Nítorí èyí, ó ti bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó bá òun fa ọmọ náà lọ́wọ́ lọ síwájú pẹpẹ.

Ní Sátidé tó ṣáájú, ìyàwó àti bàbá rẹ̀ wá fún ìdánrawò. Bí bàbá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, ìyàwó fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni bàbá ọkọ mi. Mi ò lè sọ ọ́ fún Bàbá fúnra mi."

Mo yẹ ìwé orin tí bàbá gbé wá wò. Ó ti kọ orin bí ọgọ́ta sínú rẹ̀ ní dò-rè-mí, gbogbo wọn lórí C. Eyín dùùrù funfun nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀ nìyẹn. Mo bá sọ fún àwọn akọrin pé orí D fúláàtì la máa gbé orin ìwọlé sí, nítorí ohùn àwọn obìnrin. Irọ́ ni. Bíńtín ló fi ga ju C lọ, kò sí ọ̀fun tó máa mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ gbogbo eyín dúdú.

Bàbá jókòó. Dùùrù ìjọ tirẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Iná ni tiwa ń lò. Bí ìka rẹ̀ ṣe ń wá eyín dúdú kiri, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ ilẹ̀ lásán, gìrì, gìrì.

"Bàbá, kẹ̀kẹ́ kọ́ nìyẹn o," ọ̀kan nínú àwọn akọrin wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ dúró. Ó bi mí bóyá a ò lè gbé e wá sórí C.

"Kò ní gba ọ̀fun wọn, sà."

Ó wo ojú mi títí. Ẹni tó ti tẹ dùùrù fún ọgbọ̀n ọdún mọ ohun tí ọ̀fun ń gbà.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

Ọmọ rẹ̀ ló dá a lóhùn. "Èmi ni, Bàbá. Ẹ kúkú wá fà mí lọ́wọ́ wọlé, ìyẹn náà dáa."

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun lòun ti bẹ̀ fún ìyẹn, òun ò sì ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìlà kẹta ló jókòó sí. Èmi ni mo tẹ orin ìwọlé, mo sì ń rí gbogbo wọn nínú dígí kékeré tó wà lórí dùùrù. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa ìyàwó dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí Bàbá jókòó sí, ìyàwó dẹsẹ̀ dúró díẹ̀. Bàbá ń wo iwájú. Mi ò dẹwọ́ lórí dùùrù láti dúró de ìyàwó, mi ò sì ṣi eyín kan tẹ̀.