Tàmálè Tí Mo Bò De Ìyàwó Mi

Kí ìyàwó mi tó wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Houston, láti lọ wẹ ọmọ tí ọmọ wa obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó se ọbẹ̀ kún fírísà. Inú àwọn ike áísìkirimù tó ti ṣófo ló rọ wọ́n sí. Ó fi téèpù funfun lẹ ìdérí kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ orúkọ ọbẹ̀ sí i: ẹ̀gúsí, ẹ̀fọ́ rírò, ilá, ọbẹ̀ ata. Kò sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń fọ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n to ọ̀bẹ, sísọ́ọ̀sì àti ẹ̀mú sínú àwo wọn, kí ọ̀kan má lé, kí ọ̀kan má dín. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀n. Mo ṣí fírísà, mo wò ó, mo sì mọ̀ pé oúnjẹ oṣù mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Oṣù mẹ́ta pé. Ọbẹ̀ tán, ó ku ike ẹ̀gúsí kan ṣoṣo. Ìyàwó mi kò dé.

Mi ò lè jẹ ẹ̀gúsí yẹn. Bí mo bá ṣí fírísà láti mú omi dídì, mo máa ń rí i níbi tó jókòó sí, èmi àti ẹ̀ á wo ara wa, màá sì pa ilẹ̀kùn dé. Ó ń ṣe mí bíi pé tí mo bá jẹ ẹ́, èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ sí i pé obìnrin yìí ti yẹ àdéhùn.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní ilé oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò nìyẹn, lábẹ́ ojú irin rélùwéè tó gba òkè kọjá ní Wakefield, ní Bronx, kò jìnnà sí ilé wa. Ibẹ̀ kò tóbi. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ní àga méjì, wọ́n fi rọ́bà tí wọ́n ya èso sí lára bò ó. Bí rélùwéè bá ń kọjá lókè, gbogbo ṣíbí tó wà nínú ife á máa gbọ̀n. Tọkọtaya ló ni ibẹ̀. Ìyàwó wà níta, ó ń gbé oúnjẹ. Ọkọ wà ní ilé ìdáná, fèrèsé kékeré kan ló wà láàárín wọn. Láti ojú fèrèsé yẹn ni wọ́n ti máa ń bá ara wọn jà lórí rédíò tí ọkọ máa ń yí sókè. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbéyàwó kò nílò ògbufọ̀ fún irú ìjà yẹn. Màá jókòó, màá máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ orin.

Ìwà mi kan wà tí ìyàwó mi mọ̀ dáadáa: mi ò lè fẹ́ràn nǹkan kí n má wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò. Ọdún tí mo gba ti aago ògiri, a ò rí orí tábìlì jẹun, nítorí eyín aago ló kún un. Lọ́tẹ̀ yìí, àgbàdo ni. Wọ́n gbé tákò kalẹ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹran sísun tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ewé kan tó ń ta sánsán, lórí tòtíyà, ìyẹn àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo èèyàn ń jẹ ẹran. Èmi ń gbóòórùn àkàrà. Ó ń rùn bí ògiri alámọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo bi ara mi pé, àgbàdo wo ló ń rùn báyìí?

Mo kà á, mo wò ó lórí fóònù, mo bi obìnrin tó ni ibẹ̀ léèrè títí ó fi ń pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Nílé tiwa, a máa ń rẹ àgbàdo sómi títí á fi kan, ká tó lọ̀ ọ́ fún ògì. Tiwọn kì í kan. Omi tí wọ́n po ìyẹ̀fun òkúta sísun mọ́ ni wọ́n fi ń sè é, lórí iná tí kò le. Wọ́n á gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí o bá fi ìka méjì ra hóró kan nígbà náà, èèpo rẹ̀ á bọ́ bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ fún àkàrà. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun àgbàdo lásán, tí o bá fi omi pò ó, tí o ní kí o tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, á fọ́. Tiwọn á fà. Òkúta yẹn ló ń dì í mú, òun náà ló ni òórùn ògiri.

Mo ra ìyẹ̀fun òkúta náà, mo dán an wò nílé. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Houston. Ìyàwó mi pè mí kíá.

“Dádì, ṣé kì í ṣe ìkòkò ìrẹsì mi nìyẹn?”

“Mo fọ̀ ọ́ dáadáa kí n tó lò ó.”

“Mi ò bi yín bóyá ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ da ẹfun sínú ìkòkò mi!”

“Kì í ṣe ẹfun. Òkúta tí wọ́n sun ni.”

“Áà, òkúta! Ẹ ṣeun o. Mo rò pé nǹkan burúkú ni.”

A rẹ́rìn-ín. Ọmọ kékeré náà ké lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó mi ní òun á pè mí padà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kó tó pè.

Ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n máa ń ṣe tàmálè. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e síwájú mi, háhá àgbàdo ni mo rí, tí wọ́n fi pọ́n nǹkan gígùn kan, tó ń rú èéfín. Mo tú u. Àgbàdo funfun ló wà nínú rẹ̀, ó rọ̀, ó dì, adìẹ tí wọ́n fi ata rò wà ní àárín. Mo bù ú sẹ́nu, mo sì gbé ṣíbí kalẹ̀. Ará Ṣakí ni ìyàwó mi. Nígbàkigbà tí àgbàdo tútù bá ti dé, ó máa ń ṣe àbàrí, á pọ́n ọn séwé, á sè é. Mo pè é láti orí tábìlì.

“Mo ti rí àbàrí ní Bronx.”

“Irọ́ ńlá. Ewé wo ni wọ́n fi pọ́n ọn?”

“Háhá.”

“Háhá tí à ń dà sílẹ̀ fún ewúrẹ́?”

“Òun náà ni.”

“Dádì, ebi ló ń pa yín. Kì í ṣe àbàrí.”

“Ó dára, wá jẹun, kí o fi ẹnu ara rẹ tọ́ ọ wò.”

“Ó á gba ibi ire o,” ó wí. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa máa ń fi dáhùn nìyẹn.

“Wá jẹun” yẹn ti kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́ ní ilé oúnjẹ yìí tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Mẹ́síkò náà kì í kọjá lára ẹni tó ń jẹun kí wọ́n má kí i. “Provecho” ni wọ́n máa ń wí, ìyẹn ni pé kí oúnjẹ náà ṣe é ní àǹfààní. Ọkùnrin kan tó wọ bàtà iṣẹ́ ẹlẹ́rẹ̀ kí mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èmi náà fi ẹ̀kọ́ ilé dá a lóhùn, mo ní, “Wá jẹun.” Ọkùnrin náà wo oúnjẹ mi, ó wo àga tó kọjú sí mi, ó fà á, ó sì jókòó. Ó mú tákò kan, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo kàn ń wò ó. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì rí ẹni tí a ní kó wá jẹun lójú ọ̀nà tó jókòó.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún obìnrin tó ni ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ní kó jẹun, ó jẹun. Kí lẹ tún fẹ́?”

“Nílẹ̀ wa, tí a bá ní kí èèyàn wá jẹun, ó máa ní òun ti yó ni.”

“Tí kò bá yó ńkọ́?”

“Á ṣì ní òun ti yó.”

Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọkọ yí rédíò sílẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Òun náà rẹ́rìn-ín.

“Ọkọ mi ní kí n bi yín,” obìnrin náà wí, “ṣé gbogbo yín lẹ jọ ń pa irọ́ fún ara yín lórí oúnjẹ?”

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n mo gbé ìbéèrè yẹn délé. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń sọ fún ìyàwó mi lórí fóònù pé kó wá jẹun, ìkíni ni. Ohun tí mo ń wí gan-an kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi wí i. Ọkùnrin wo ló máa sọ fún ìyá àgbà pé kó fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, kó wá jókòó ti òun?

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ìyàwó mi dá ọjọ́. Ó ní òun á dé lọ́jọ́ Sátidé kan, láàárọ̀. Mo sọ fún obìnrin tó ni ilé oúnjẹ pé kó fi tàmálè aládìẹ pamọ́ fún wa, èyí tí wọ́n fi ata àwọ̀ ewé rò, nítorí ata yẹn kan díẹ̀, ìyàwó mi á fẹ́ràn rẹ̀.

“Ó wà lóòótọ́, àbí?” obìnrin náà wí. “Ọkọ mi ti ń sọ pé fóònù yín kò ní ẹnì kankan nínú.”

“Ẹ sọ fún un kó múra. Tí ìyàwó mi bá dé, kò ní lè yí rédíò yẹn sókè mọ́.”

Ọjọ́ Fúráìdé, nígbà tí mo wà ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ìyàwó mi pè. Ẹni tó yẹ kó máa tọ́jú ọmọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá padà sẹ́nu iṣẹ́ ti ní òun kò ṣe mọ́. Ọmọ náà kì í sì í gba ike wàrà lọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀. Wọ́n ṣì ń wá ẹlòmíràn.

“Dádì, ẹ má bínú.”

“Kò burú,” ni mo wí. Mo padà lọ to àwo irinṣẹ́ mi.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé náà, nítorí wọ́n ti ṣe oúnjẹ náà dè wá. Obìnrin náà ti to àwo méjì, ó ti fi òdòdó kan sínú ìgò níwájú àga kejì. Mo jókòó. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn mi. Ó gbé tàmálè wá, ó tún wo ẹnu ọ̀nà, mo sì ní láti sọ fún un. Ó pe ọkọ rẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, rédíò sì dákẹ́. Kò kó àwo kejì.

Fóònù dún, ojú ìyàwó mi yọ nínú rẹ̀. Mo fi í ti ìgò ata. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi aṣọ pọ̀n ọ́n, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe dúró.

“Ẹ ń jẹun?”

“Wá jẹun.”

“Ó á gba ibi ire o, Dádì.”

Rélùwéè kọjá lókè. Mo dúró kí ṣíbí dákẹ́.

“Mọ́mì, tí o kò bá yó ńkọ́?”

“Kí lẹ wí?”

“Mi ò kí ọ. Mo ní kí o wá jẹun. Mo fẹ́ kí o wá jẹun níbí.”

Kò mì mọ́. Ó wò mí títí, mo sì rò pé ẹ̀rọ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀.

“Ọjọ́ wo ni mo yó?” ó wí. “Ọmọ yín kì í fi iyọ̀ sí nǹkan kan. Ilé wọn tutù bíi ti ẹlẹ́ja dídì. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún un pé kó wá ẹni kan kíá, bàbá rẹ̀ ń dá jẹun.” Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, ó tún yí i padà. “Ẹ̀gúsí yẹn ṣì wà níbẹ̀, àbí?”

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Gbogbo ọbẹ̀ tí mo sè lẹ pè mí lé lórí, ẹ ní iyọ̀ ti eléyìí pọ̀, iyọ̀ ti tọ̀hún kò tó. Ike ẹ̀gúsí méjì ni mo fi sílẹ̀, ẹ ò sọ̀rọ̀ ìkejì rí. Ẹ jẹ ẹ́ lónìí, kí omi dídì má bà á jẹ́. Kí ẹ sì fi méjì nínú àbàrí yín síbẹ̀ dè mí.”

“Háhá ni wọ́n fi pọ́n ọn o.”

“Mo gbọ́. Màá jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Mo gbé tàmálè méjì délé. Mo yọ ẹ̀gúsí, mo fi tàmálè sí àyè rẹ̀ nínú ike, mo dé e. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó ń bọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń bo oúnjẹ dè. Mo lẹ téèpù funfun mọ́ ìdérí, mo sì kọ àbàrí sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ ìyàtọ̀ wọn.

Mo jẹ ẹ̀gúsí náà lórí tábìlì ìdáná. Iyọ̀ rẹ̀ tó. Mo pè é láti sọ fún un, kò gbé e. Ó jọ pé ó ń wẹ ọmọ.